Abebe Bikila: Iṣẹ́ Tó Wà Lẹ́yìn Ẹsẹ̀ Lásán

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ asáré sọ ní Surùlérè)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ kú ìjókòó, pàápàá ẹ̀yin tí mo máa ń rí níwájú pápá ìṣeré Teslim Balogun láàárọ̀, tí ẹ ti ń sáré kí mọ́tò tó dí ọ̀nà.

Bí mo bá dárúkọ Abebe Bikila ládùúgbò yìí, nǹkan kan ṣoṣo làwọn èèyàn máa ń rántí: ọkùnrin tó sáré máràtọ́ọ̀nù Olympics, eré ìje kìlómítà 42, lẹ́sẹ̀ lásán, tó sì borí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìtàn ẹsẹ̀ lásán yìí ti bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti fi ṣe àwíjàre pé ìgboyà nìkan ti tó. Wọ́n á ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bikila wo ẹnu àáké tirẹ̀ dáadáa, ó sì pọ́n ọn kó tó gbé e jáde.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1932 ni wọ́n bí i ní abúlé Jato, ní Etiópíà. Nígbà tó dàgbà, ó di sójà nínú ẹ̀ṣọ́ Ọba Haile Selassie. Ibẹ̀ ni Onni Niskanen, kóòṣì ará Sweden, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sáré. Addis Ababa fi mítà tó lé ní 2,300 ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Ọ́síjìn tí èèyàn ń rí nínú èémí kan kò tó èyí tá à ń rí l'Ékòó. Bó bá pẹ́ téèyàn ti ń gbébẹ̀, ara á fi kún sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, torí àwọn ló ń gbé ọ́síjìn kiri. Ẹni tó bá ń sáré níbẹ̀ lójoojúmọ́, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, èémí rẹ̀ á gùn ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwa kò ní òkè yẹn. Ooru àti ọ̀rinrin ni tiwa: òógùn ń ṣàn, kò gbẹ, bí kò bá sì gbẹ, ara kì í tutù. Ìdí nìyẹn tí máràtọ́ọ̀nù Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, fi máa ń gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù ní National Stadium tó wà ní tòsí wa níbí.

Rome náà sá fún oòrùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sáré máràtọ́ọ̀nù Olympics náà níbẹ̀. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lójú ọ̀nà, àwọn sójà sì gbé iná ògùṣọ̀ dúró. Bàtà tí wọ́n fún Bikila kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ó ti máa ń sáré láìwọ bàtà nílé, nítorí náà ó bọ́ ọ sílẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti le tẹ́lẹ̀ ni.

Apá tí mo fẹ́ràn jù rèé. Wọ́n ti sọ fún un pé kó ṣọ́ Rhadi Ben Abdesselam ará Mòrókò, tó máa wọ nọ́ńbà 26. Rhadi sì ti wọ nọ́ńbà 185! Bikila ń kọjá èèyàn kan tẹ̀ lé èkejì, ó ń wá 26, láìmọ̀ pé ẹni tó ń wá ló ń bá sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn méjèèjì jọ kọjá lára òpó Axum, òkúta ńlá táwọn ará Ítálì kó kúrò ní Etiópíà ní ọdún 1937. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n débi Arch of Constantine, níbi tí eré náà ti parí, Bikila já Rhadi sílẹ̀. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16. Kò sẹ́ni tó ti sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ta àsíá Nàìjíríà sókè ní Race Course, ní Erékùṣù Èkó. Mi ò lè ya ọjọ́ méjèèjì yẹn sọ́tọ̀ lọ́kàn mi.

Ẹ wá gbọ́ ti Tokyo, ọdún 1964. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì fún un. Ó wọ bàtà lọ́jọ́ yẹn, ó sì yá ju ti Rome lọ: wákàtí 2, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 11. Ó fi ìṣẹ́jú tó lé ní mẹ́rin ṣáájú ẹnì kejì. Nígbà tó parí, ó wá sórí koríko, ó ń na ara bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò sẹ́ni tó gba góòlù máràtọ́ọ̀nù Olympics lẹ́ẹ̀mejì rí ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin tó rò pé ẹsẹ̀ lásán ló fi borí, kí lẹ máa sọ sí ti Tokyo?

Ní Mẹ́síkò, ọdún 1968, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó sì dúró lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 17. Ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, Mamo Wolde, ló gba góòlù náà. Ní 1969, ọkọ̀ rẹ̀ dànù, ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sì rọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin yìí mú ọfà. Ó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera, ó ń ta ọfà nínú ìdíje. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1973, ó kú. Ọmọ ọdún 41 péré ni.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè, ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, tí mo bá ń sáré lórí Third Mainland, ṣé kí n bọ́ bàtà mi?" Mo ní rárá, ọ̀dà gbígbóná kì í ṣe ọ̀nà Jato. Mo bi í léèrè kìlómítà mélòó ló ń sá lọ́sẹ̀. Ó ní mẹ́wàá. Mo ní kó wọ bàtà rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, kó ti dé kí aago mẹ́fà tó lù.