Bí mo ṣe ń ṣe é kí ìnṣọ́ránsì tó san owó ìtọ́jú ọpọlọ: ẹ wo sikírìn mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́rápíìsì, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ń tọ́jú ọpọlọ, tẹ́ ẹ ní ọ́fíìsì kékeré tiyín níbí ní Amẹ́ríkà, ní Maryland tàbí ní Texas tàbí Georgia, tiyín ni fídíò òní. Ohun tẹ́ ẹ ń kọ ránṣẹ́ sí mi jọra wọn, "Àǹtí, mo ti ṣiṣẹ́ o, wọn ò sanwó." Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ aláìsàn tẹ́ ẹ máa rí lórí kọ̀ǹpútà mi, èmi ni mo ṣẹ̀dá ẹ̀, torí àṣírí èèyàn kì í ṣe nǹkan tá a fi ń ṣe fídíò.

Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin parity ti 2008 sọ pé tí ìnṣọ́ránsì bá ń sanwó ìtọ́jú ọpọlọ tàbí ti ẹni tí ọtí àti oògùn olóró ti wọ̀ lára, kò gbọ́dọ̀ le koko jù bó ṣe ń sanwó àìsàn ara lọ. Òfin Obama wá dé ní 2010, láti 2014 ìnṣọ́ránsì táwọn èèyàn ń rà fúnra wọn àti tàwọn iléeṣẹ́ kéékèèké gbọ́dọ̀ bójú tó ìtọ́jú ọpọlọ. Medicaid, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, náà fẹ̀ sí i, Maryland gbà á, Texas ò gbà á. Torí ẹ̀ làwọn tí ò rówó wá rí wa tẹ́lẹ̀ ṣe ń wá báyìí, ìwé kíkọ sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó yá. Àkọ́kọ́, kẹ́ni náà tó jókòó, ẹ wo ìnṣọ́ránsì ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wá o, kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Mo wọ portal, ìyẹn ìkànnì ìnṣọ́ránsì náà, mo tẹ nọ́ńbà ara káàdì ẹ̀ àti ọjọ́ ìbí ẹ̀, ẹ wo ibí yìí, ó kọ "active". Ó ti tó. Ní 2023 mi ò kì í ṣe é báyìí. Nígbà kòrónà wọn ò yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú Medicaid, àmọ́ nígbà tí March 2023 parí ìyẹn náà parí, lẹ́tà tí Medicaid fi ránṣẹ́ sí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tí mò ń tọ́jú sì lọ sí ilé tó ti kó kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́. Owó yẹn ò dùn mí tó bí ojú ṣe tì í, oṣù méjì gbáko ni ò fi wá mọ́, ẹni tó ti ń sùn dáadáa.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa torí òfin tí wọ́n ṣe ní 2025. Tó bá fi máa di 2027, àwọn tó ti kúrò lọ́mọdé tí Medicaid fífẹ̀ yẹn gbé wọlé á máa fi hàn pé àwọn ń ṣiṣẹ́ tàbí kàwé tàbí ṣe iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 80 lóṣù, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n á sì máa yẹ̀ wọ́n wò. Àmọ́ òfin yọ ẹni tí àìsàn ọpọlọ ò jẹ́ kó lè ṣe nǹkan sílẹ̀, ó yọ ẹni tó ń bá oògùn olóró jà náà. Ta ló máa jẹ́rìí sí i? Nóòtì tiwa ni. Nítorí náà ẹ ṣí kàlẹ́ńdà, ẹ fi ọjọ́ tí Medicaid aláìsàn kọ̀ọ̀kan máa parí sí i, kó máa dún ní oṣù méjì ṣáájú.

Èkejì, nóòtì. Mo kọ aago tá a bẹ̀rẹ̀ àti aago tá a parí: 2:05 sí 2:56. Ìṣẹ́jú 51 nìyẹn, 90834 ni kóòdù tá a máa fi béèrè owó ẹ̀ lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì, torí ìṣẹ́jú 38 sí 52 ló ni ín. Kó tó di 90837, kóòdù ìjókòó tó gùn jù ú lọ, ó gbọ́dọ̀ pé ìṣẹ́jú 53. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣẹ́jú kankan kún un. Ẹ má sì kọ "kò sùn dáadáa" kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ pé wákàtí mẹ́ta ló ń sùn lóru, pé ó pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, ohun tẹ́ ẹ jọ ṣe lónìí, àti bó ṣe gbà á.

Ẹ̀kẹta, PHQ-9, ìyẹn ìwé ìbéèrè tá a fi ń wo bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe pọ̀ tó. Ìbéèrè mẹ́sàn-án, 27 ni òpin ẹ̀, tó bá ti tó 10 ẹ dúró wò ó dáadáa. Ìnṣọ́ránsì fẹ́ràn nọ́ńbà yìí torí ó ń fi hàn bóyá ara ń yá. Àmọ́ tó bá jẹ́ àgbàlagbà wa ló jókòó síwájú yín, tẹ́ ẹ bá kàn bi bàbá pé ṣé inú wọn ò dùn, "a dúpẹ́" ni wọ́n á sọ, ẹ̀yin náà á wá kọ òdo síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá orí ń gbóná wọn, bóyá nǹkan ń rìn lára wọn, bóyá ọkàn wọn ń jáde, bóyá wọ́n ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má fi ọmọ wọn kékeré ṣe ògbufọ̀, òfin ò fẹ́ ẹ, bàbá náà ò sì ní sọ òótọ́ lójú ọmọ. Ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tó ń béèrè bóyá wọ́n ń rò pé ó sàn káwọn kú tàbí káwọn ṣe ara àwọn léṣe, tó bá ti ju òdo lọ, ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó dìde lórí àga yẹn.

Ìkẹyìn, wọ́n ní àwọn ò san. Ẹ má sunkún, ẹ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Fún ìnṣọ́ránsì aládàáni, ọjọ́ 180 ni aláìsàn ní láti ìgbà tí lẹ́tà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ lè bá a ṣe é. Mò ń kọ ọ́ báyìí, ẹ wo ìlà kejì: "Ẹ fi ìlànà tẹ́ ẹ fi pinnu pé kò nílò ìtọ́jú yìí ránṣẹ́ sí mi." Òfin parity fún wa láṣẹ láti béèrè ẹ̀. Mo so nóòtì àti PHQ-9 mẹ́rin mọ́ ọn, 19, 16, 14, 11. Mo ti tẹ "submit". Nọ́ńbà tó jáde yìí, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì aláìsàn náà lójú ẹsẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín tẹ́ ẹ bá pè wọ́n.