Ẹyin Rì, Ìkòkò Léfòó: Kí Ló Fà Á?

Ẹ kú àsìkò yìí o, láti Àbújá níbí. Bí ẹ bá dé etí adágún omi Jabi, ẹ máa rí ọkọ̀ tó kó èèyàn, tí kò rì. Ẹ ju òkúta wẹ́wẹ́ sómi kan náà, wéré ló ti débẹ̀ nísàlẹ̀. A sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ohun tó bá wúwo ló ń rì! Ọ̀rọ̀ yẹn ò tó, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ bu ìdajì lítà omi sínú ife gíláàsì. Ẹ rọra gbé ẹyin tútù sí i. Ó rì. (Bó bá léfòó, ẹyin náà ti pẹ́ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wá òmíràn.) Ẹ yọ ọ́, kí ẹ bu iyọ̀ ṣíbí ńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún sómi, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Omi á kọ́kọ́ ṣú, ẹ fara balẹ̀. Ẹ dá ẹyin padà.

Ẹ wò ó! Orí rẹ̀ yọ síta.

Ẹyin ò fúyẹ́ sí i o. Omi ló wúwo sí i. Ohunkóhun tó bá wọ omi máa ń lé omi kúrò níbi tó gbà, omi náà á sì máa tì í sókè. Bí omi tó lé kúrò ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agbára tó ń tì í ṣe pọ̀ tó. Archimedes, ará Gíríìkì, ló là á yé wa, ó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn.

Lítà omi kan wọn kílò kan. Lítà òróró ẹ̀pà kan ò ju nǹkan bíi gíráàmù 920 lọ, ìyẹn ló fi máa ń wà lójú ọbẹ̀.

Ó yá, ẹ gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣófo sójú omi nínú báàfù. Ó léfòó. Ṣíbí irin tí ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rì. Inú ìkòkò jìn, afẹ́fẹ́ ló kún ibẹ̀, omi tó lé kúrò sì pọ̀. Àwọn apẹja Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi mọ èyí dáadáa: igbá ńlá tó ṣófo nínú ni wọ́n ń gbé wọ odò nígbà ọdún ẹja pípa, òun ló ń gbé wọn dúró lójú omi.

Ẹ tún fi ṣúgà dán ti ẹyin wò dípò iyọ̀. Ó máa gbé e, àmọ́ ṣúgà tó máa gbà yóò ju iyọ̀ lọ dáadáa.