Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Pápá Náà?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Abuja. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò lè wá.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ti Kubwa, Nyanya àti Lugbe wá, ẹ kú ìjókòó.

Ilẹ̀ ṣófo kan wà lẹ́yìn ilé mi, yanrìn pupa ni gbogbo rẹ̀. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, àwọn ọmọ á dé. Òkúta méjì-méjì ni wọ́n fi ń ṣe ojú ilé, mọ́ńkì póòsì ni wọ́n ń gbá, ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbá góòlù méjì wọlé rẹ̀ á bọ́ síta. Ọmọ Gbagyi wà níbẹ̀, ọmọ Hausa, ọmọ Igbo, ọmọ tiwa náà. “Ba ni! Ba ni!” (ẹ fún mi! ẹ fún mi!) ni gbogbo wọn ń ké, àti ẹni tó gbọ́ Hausa àti ẹni tí kò gbọ́ ju ìyẹn lọ.

Kò jìnnà síbẹ̀ tí pápá mìíràn wà, tí wọ́n mọ ògiri yí ká. Owó ìlú ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé sínú rẹ̀, wọ́n ri iná sólà mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àgádágodo ló wà lẹ́nu géètì. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri. Ẹ ó pè é, ẹ ó sì san owó wákàtí. Mo yọjú wo inú rẹ̀ láàárọ̀ yìí kí n tó máa bọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti ń gbá pẹ́náritì ti ya, kápẹ́ẹ̀tì náà ti ká sókè, yanrìn ti kún abẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta ti kú nínú iná mẹ́rin.

Nígbà tí ìròyìn tàn pé wọ́n tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sí òdìkejì títì, àdúgbò pín sí méjì. Àwọn kan ní, “Ilé ìwòsàn wa kò ní oògùn, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù?” Àwọn kejì ní bí ọmọ kò bá ríbi ṣeré, ìdí ìgbó àti tramadol ni yóò lọ. Mi ò lè dá ìyá tó gbé ọmọ aláìsàn lọ síbi tí wọn ò ti rí oògùn fún un lẹ́bi bó bá bínú sí pápá. Òtítọ́ ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn méjèèjì ń jà lórí owó tí wọn yóò fi kọ́ ọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó bi èmi tàbí aládùúgbò mi pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí.

Ẹ wo pápá ìṣeré ńlá tiwa níbí, èyí tí wọ́n sọ ní orúkọ Moshood Abiola ní oṣù kẹfà ọdún 2019. Nítorí ìdíje All-Africa Games ti ọdún 2003 ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gba èrò tó lé ní 60,000, iye tí wọ́n sì máa ń dá lé e jẹ́ nǹkan bí 360 mílíọ̀nù dọ́là. Lẹ́yìn ìdíje, koríko rẹ̀ bàjẹ́ débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú mìíràn ni Super Eagles ń lọ gbá bọ́ọ̀lù wọn. Ní ọdún 2020, mílíọ̀nù kan dọ́là tí Aliko Dangote ṣèlérí ni ìjọba gbójú lé láti tún ojú pápá náà ṣe. Pápá tí ìjọba àpapọ̀ ni, tó wà lábẹ́ imú Aso Rock, ọwọ́ olówó kan ló ń wò. Kí wá ni ti pápá àdúgbò?

Bí ìṣúnná owó ṣe rí ló fà á. Owó iṣẹ́ ńlá wà lọ́tọ̀, owó ìnáwó ojoojúmọ́ wà lọ́tọ̀. Kíkọ́ pápá wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́: kọngílá wà níbẹ̀, pátákó orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìṣílé wà níbẹ̀. Omi tí wọn yóò bu sí koríko, owó oṣù ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn, gílóòbù tí wọn yóò pààrọ̀, abẹ́ èkejì ni ìwọ̀nyẹn wà, kò sì sí olóṣèlú tí wọ́n ń lu ìlù fún nítorí gílóòbù.

Àwa àgbààgbà tó gbé Kaduna rí mọ ọ̀nà mìíràn tó wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Rashidi Yekini sí ní ọdún 1963, ọmọ tiwa. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù UNTL, ilé-iṣẹ́ aṣọ, ló ti kọ́kọ́ ṣe bẹbẹ kó tó kọjá sí Shooting Stars ní Ìbàdàn. Òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú ìdíje àgbáyé, nígbà tí a pàdé Bulgaria ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Ẹ rántí bó ṣe di àwọ̀n mú, tó ń sunkún. Ilé-iṣẹ́ tó ń san owó òṣìṣẹ́ ló gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna ti tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó gba ẹrù yẹn lórí wọn.

Ní Abuja, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún mú un le sí i. Lábẹ́ òfin, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú wa, mínísítà rẹ̀ ló sì ń pín in. Àfikún Kẹrin nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka ọgbà ìgbafẹ́ àti ilẹ̀ gbangba mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn àwọn káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tiwa níbí. Owó iṣẹ́ àkànṣe sì wà nínú ìṣúnná ìjọba àpapọ̀, níbi tí àwọn aṣòfin ti ń yan ohun tí wọ́n fẹ́ fún ẹkùn wọn. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá ya, aṣòfin á ní òun ti ṣe tòun, káńsù á ní wọn ò gbé e lé àwọn lọ́wọ́, ọ́fíìsì ilẹ̀ á béèrè ìwé.

Ìwé yẹn ṣe pàtàkì gan-an ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba tuntun ní Kano wó ilé alájà kan tí ṣọ́ọ̀bù 90 wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kọ́ sórí pápá eré-ìje ẹṣin ní Nassarawa GRA. Wọ́n ní ilẹ̀ ìlú ni, wọn ò tà á lọ́nà tó tọ́. Ìjọba kan gbà kí wọ́n kọ́ ọ, òmíràn gbé katapílà dé, àwọn oníṣòwò tó ti náwó síbẹ̀ fọwọ́ lérán. Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ lẹ́yìn ilé mi kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ àdúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ lọ́la lè kọ́ ọ.

Nítorí náà, èrò mi nìyí, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn: kí a má fọwọ́ sí pápá tuntun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àyàfi bí káńsù bá kọ́kọ́ fi owó ìtọ́jú rẹ̀ sínú ìṣúnná tiwọn lọ́dọọdún, tí ọ́fíìsì ilẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ ìṣeré ni. Kí ilẹ̀ yanrìn náà gba ìwé tirẹ̀ kí wọ́n tó ra kápẹ́ẹ̀tì kankan. Ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn. Kò lè gbá a lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, ìyá kan láti Karu dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo ohun tí ẹ sọ, ọkùnrin ni. Ìgbà wo ni àwọn ọmọbìnrin wa máa rí ibẹ̀ lò?” Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sáré, ó sì ní ìgbàkígbà tó bá débẹ̀, àwọn ọkùnrin á ti gba gbogbo ilẹ̀. Mi ò tíì rò ó rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A ti fi kún lẹ́tà tí a ń kọ sí káńsù: Ọjọ́bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé ní àárọ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin nìkan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára géètì. Ọjọ́ Ajé ni a ó mú un lọ. Àwọn mọ́kànlélógójì ti fọwọ́ sí i kí a tó túká, ìyá yẹn ló kọ́kọ́ gba bírò.