Ògùrọ̀: Igi Irà Tó ń So Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló mọ ògùrọ̀ nínú akèrègbè, àmọ́ wọn ò fojú rí èso rẹ̀ rí. Irà ni igi yìí ti ń hù. Ẹ lọ sí Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ tàbí agbègbè Ẹ̀pẹ́, ẹ ó bá a níbi tí omi ti ń dúró. Igi náà kì í sábà ga ju mítà 10 lọ, síbẹ̀ imọ̀ rẹ̀ kan lè gùn tó mítà 12. Lára èwe imọ̀ rẹ̀ la ti ń bó ìko.

Ẹ wo èso yìí dáadáa. Ó tó ìkúùkù àgbà, ìpẹ́ tó ń dán ló bò ó pátá bí ara ẹja, ṣónṣó ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọjú sí ìdí èso. Ẹ bẹ́ ìpẹ́ náà kúrò: ẹran aláwọ̀ ìyeyè, tó lépo, kò nípọn. Kóró ńlá kan ló wà nínú rẹ̀, ó le kokooko.

Ẹran yẹn la ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù o! Ó korò, òun náà sì ni àwọn apẹja kan ń gún dà sínú odò láti fi mú ẹja dákú. Ẹ sè é títí yóò fi rọ̀, ẹ da omi rẹ̀ nù. Bó bá ṣì korò, ẹ tún un sè.

Ohun tó ká wa lára jù nìyí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ògùrọ̀ ń yọ òdòdó láyé rẹ̀. Bí èso bá gbó tán, igi á kú. Kí òdòdó yẹn tó jáde ni ẹlẹ́mu ń dá a. Àmì tó ń wò ni imọ̀ tuntun lórí igi, tó kúrú gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá tètè dá a jù, omi ò ní pọ̀. Bó bá pẹ́ jù, òdòdó àti èso ti fa adùn inú igi lọ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń gé ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má baà dí.

Igi tí a dá kì í so mọ́, kíkú ló máa kú. Tí a bá wá dá gbogbo wọn tán, níbo la ti fẹ́ rí kóró? Nínú igi 10, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 2 sílẹ̀ kó so. Ẹ ṣa èso tó já fúnra rẹ̀, ẹ bó ìpẹ́ àti ẹran rẹ̀ kúrò kí omi lè tètè wọlé, kẹ́ ẹ rì í sí ilẹ̀ tútù lábẹ́ ibòji. Ó lè pẹ́ lóṣù bíi mélòó kan kó tó hù, nítorí náà ẹ má tètè hú u dànù.