Ẹ Jẹ́ Kí Aṣọ Nǹkan Oṣù Rí Oòrùn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti olùkọ́ sọ ní abúlé kan nítòsí Ìsẹ́yìn nìyí. Mo kọ ọ́ síbí fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ìyá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi léèrè: níbo ni ọmọbìnrin yín ń sá aṣọ tó fi ń ṣe nǹkan oṣù sí? Bí mo bá bi àwọn ọmọ fúnra wọn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń dárúkọ, tàbí ẹ̀yìn àpótí, tàbí kí wọ́n fi aṣọ míì bò ó lórí okùn. Aṣọ tí a fọ̀ lálẹ́, tí a sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kì í gbẹ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó ṣe tutù yẹn náà ni ọmọ á ṣe tún dè é mọ́ra lọ síléèwé, tí á wà láàárín itan rẹ̀ títí wọ́n á fi jáde lọ́sàn-án. Aṣọ tútù yẹn ló ń bó o lára, òun ló ń jẹ́ kí ara yún un, òun náà ló sì ń fún kòkòrò àìfojúrí láyè. Ojú á ti ọmọ láti sọ ọ́, á wá máa fi Dettol fọ ojú ara, ìyẹn á tún dá kún un.

Mo mọ ìdí tí a fi ń fi aṣọ náà pamọ́. Ẹ̀rù ọmọ aráyé ni. Wọ́n ní ẹni ibi lè fi ẹ̀jẹ̀ obìnrin dí i lọ́nà ọmọ. N kò wá síbí láti fi ìbẹ̀rù àwọn ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó papọ̀: aṣọ tí a fi omi ṣan títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara, tí a sá sí ẹ̀yìnkùlé wa níbi tí ojú ìyá ti tó o, kí ló kù nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ mú? Ẹ ta okùn kan sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń pa dáadáa, kó jẹ́ ti àwọn obìnrin ilé. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rẹ aṣọ náà, torí omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọṣẹ, kí ẹ ṣan án, kí ẹ sá a sóòrùn.

Aṣọ òwú tó ń fa omi ló dáa. Fóòmù tí wọ́n já lára bẹ́ẹ̀dì kò dáa, tísù náà kò dáa, torí wọ́n máa ń já sínú ara. Ìsẹ́yìn tí a ti ń hun aṣọ òfì kọ́ ni aránṣọ á ti wọ́n. Aránṣọ tó mọṣẹ́ lè fi aṣọ òwú àti táwẹ̀lì rán páàdì tó ṣe é fọ̀, kó fi bọ́tìnnì sí i kó lè di pátá mú. Márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ọmọ kan.

Èyí tó kàn yìí dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀, kí ni a ń sọ fún un? “Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́ báyìí, wàá lóyún.” Ó parí. Ọmọ á wá máa sá fún ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì. Bó bá yá tó rí i pé ọwọ́ kan òun tí oyún ò sì dé, kò ní gba tiwa gbọ́ mọ́, kódà bí a bá sọ òótọ́.

Òótọ́ rèé. Láàárín ọdún 10 sí 15 ni nǹkan oṣù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lóṣooṣù ni ilé ọmọ ń tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ de oyún. Bí oyún kò bá sí, á tú u dà síta. Ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọjọ́ yẹn lápapọ̀ kì í sábà ju ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí. Ní nǹkan bí ọdún méjì àkọ́kọ́, ó lè fo oṣù kan, nítorí náà ẹ má tíì gbé pàṣán. Ìbálòpọ̀ ló ń fa oyún, ó sì lè dé kí ọmọ tó rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ pàápàá, torí ẹyin ló ń ṣáájú ẹ̀jẹ̀. Ọmú ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, tí nǹkan oṣù á tẹ̀lé e lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì. Bí ẹ bá ti rí ọmú, ẹ ti bá a sọ̀rọ̀.

Inú rírun ńkọ́? Kì í ṣe ṣúgà ló ń fà á. Ilé ọmọ ló ń fún ara rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, kó gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn. Ibuprofen lẹ́yìn oúnjẹ náà ń ṣiṣẹ́, àyàfi fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ikọ́ fée (asthma).

Ẹ̀yin olùkọ́, mo ti rí ilé ìyàgbẹ́ ọmọbìnrin tó jẹ́ pé àpò ìrẹsì tí wọ́n kàn níṣòó ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ pààrọ̀ páàdì láàárín wákàtí 4 sí 6. Ta ló máa pààrọ̀ níbẹ̀? Ilé ni á jókòó sí. Ilẹ̀kùn tó ṣe é tì nínú, omi nínú kẹ́ẹ̀gì, garawa onídèérí: òbí tó wà níbí lè dáwó rẹ̀. Láti ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ kò ti gba VAT, owó orí ọjà, lórí páàdì tí a ṣe ní Nàìjíríà, síbẹ̀ owó rẹ̀ ṣì ju agbára àgbẹ̀ lọ. Ní Kenya, òfin ọdún 2017 ní kí ìjọba máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní páàdì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ kí a béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa.

Bàbá kan dìde. Ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ṣé ọkùnrin lè bá ọmọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí? Mo ní ẹ lè sọ ọ́, bàbá. Ẹ ra páàdì sílé, ẹ pe ọmọ jókòó, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ á wá, kì í ṣe àìsàn, ibi tí páàdì wà rèé. Bó bá ní òun fẹ́ obìnrin bá sọ̀rọ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín obìnrin. Kí ẹ sì mú un wá sí ilé ìlera bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí méjì-méjì, bí ẹ̀jẹ̀ bá kọjá ọjọ́ 7, tàbí bó bá pé ọdún 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù rárá.