Adájọ́ Lemuel Shaw: Láàrin Med àti Sarah Roberts

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹjọ́ ọmọdébìnrin méjì ni mo fẹ́ fi sọ ìtàn àgbàlagbà adájọ́ kan fún yín.

Àkọ́kọ́ ń jẹ́ Med, ọmọ bí ọdún mẹ́fà. Ní 1836, obìnrin kan láti New Orleans, Mary Slater, mú un dání wá sí Boston nígbà tó wá kí bàbá rẹ̀, Thomas Aves. Ẹrú ni Med lábẹ́ òfin Louisiana. Àwọn obìnrin Boston tó kórìíra àṣà ẹrú gbọ́ pé ó wà níbẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Massachusetts, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí Boston wà, níwájú Adájọ́ Àgbà Lemuel Shaw.

Ọmọ àlùfáà ni Shaw. Barnstable ni wọ́n ti bí i ní 1781. Ó jáde ní Harvard ní 1800, ó di agbẹjọ́rò ní 1804. Ní 1830 ni Gómìnà Levi Lincoln fi í jẹ Adájọ́ Àgbà, ọgbọ̀n ọdún gbáko ló sì lò lórí àga náà. Ìdájọ́ tó kọ lé ní 2,000. Ayé tuntun ló ń dájọ́ fún: rélùwéè àti ilé iṣẹ́ ńláńlá dé, àwọn ìwé òfin tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ̀ wọ́n. Ní 1842, ó dá àwọn tó ń rán bàtà láre pé kíkó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ kì í ṣe ọ̀ràn. Lọ́dún yẹn kan náà, Nicholas Farwell, awakọ̀ rélùwéè tó ń gba dọ́là 2 lóòjọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ run nítorí àṣìṣe òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò rí kọ́bọ̀ gbà. Shaw ní owó iṣẹ́ rẹ̀ ti ka ewu náà mọ́ ọn. Ìdájọ́ yẹn ń dùn mí títí dòní, nítorí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó fara pa ni wọ́n fi lé kúrò ní kóòtù lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Med. Shaw ní sísọni dẹrú lòdì sí ẹ̀tọ́ tí a bí ènìyàn mọ́, àfi bí òfin ìlú kan bá gbè é lẹ́yìn. Massachusetts kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹrú tí olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ mú wá síbẹ̀ ti bọ́. Med di òmìnira. Ṣùgbọ́n Shaw fi gbólóhùn kan kún un: ti ẹrú tó sá wá yàtọ̀, nítorí ìwé òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dá a padà.

Gbólóhùn yẹn ló padà wá bá a ní 1851. Thomas Sims, ẹrú kan, sá kúrò ní Savannah, ní gúúsù Amẹ́ríkà, wá sí Boston, wọ́n mú un. Wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì yí ilé ẹjọ́ ká kí èrò má baà wọlé gbà á sílẹ̀. Shaw, ẹni àádọ́rin ọdún, tẹ̀ ba kọjá lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀nì náà kó tó lè wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ̀ láti tú Sims sílẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, wọ́n mú ọmọkùnrin náà lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó dé Savannah, wọ́n nà án ní gbangba.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ Sims dá Shaw lẹ́bi jù. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin wà níwájú rẹ̀, ó sì ti búra pé òun yóò tẹ̀ lé e. Ibi tí mo ti bá a jà ni ọ̀rọ̀ Sarah Roberts.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Sarah. Nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó ní láti kọjá níwájú ilé ìwé márùn-ún ti àwọn ọmọ funfun kó tó dé èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Benjamin Roberts, tó ń ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀, pe Boston lẹ́jọ́. Charles Sumner ló gbẹnu sọ fún wọn, òun pẹ̀lú Robert Morris, ọ̀kan lára àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò ní Amẹ́ríkà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá kọ́ ni Shaw o; ó fetí sí Sumner dáadáa. Ó tilẹ̀ gbà pé ọgbọọgba ni gbogbo ènìyàn níwájú òfin. Síbẹ̀, ní 1850, ó ní ìgbìmọ̀ ilé ìwé lágbára láti yà wọ́n sọ́tọ̀, àti pé ẹ̀tanú tó wà láàrin wọn, òfin kọ́ ló dá a, bóyá ni òfin sì lè yí i padà.

Òfin wo ló dè é lọ́wọ́ níbí? Kò sí. Ìwé òfin Massachusetts gan-an ń pe gbogbo ènìyàn ní ọgbọọgba. Ìmọ̀ tó fi tú Med sílẹ̀, pé ohun tí òfin kò gbè lẹ́yìn kò lè di ènìyàn mú, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lò ó fún Sarah. Ní 1896, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí yíya dúdú àti funfun sọ́tọ̀ nínú rélùwéè Louisiana, ìdájọ́ Shaw yìí ni wọ́n tọ́ka sí. Ó di 1954 kí wọ́n tó wọ́gi lé ìyàsọ́tọ̀ ní ilé ìwé.

Boston kò dúró de 1954. Àwọn aṣòfin Massachusetts ṣe òfin ní 1855 pé kí wọ́n má ṣe tìtorí àwọ̀ lé ọmọ kankan kúrò ní ilé ìwé ìjọba mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn ọmọ dúdú wọ ilé ìwé àdúgbò wọn. Shaw ṣì wà lórí àga ìdájọ́ nígbà náà.