Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tó Fara Jọ Àrùn Celiac

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo àwòrán kan. Inú ìfun kékeré la wà. Ṣé ẹ rí àwọn nǹkan wínníwínní tó dúró bí òwú ara táwẹ́ẹ̀lì yẹn? Àwọn ló ń fa oúnjẹ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá wo ti ẹnì kejì yìí: ó ti jẹ pẹrẹsẹ, bíi táwẹ́ẹ̀lì tó ti gbó. Kò sí oúnjẹ tó ń dúró lára ẹni yìí. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru ṣáá, ó sì ń rù.

Ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù, àrùn celiac ló máa ń kọ́kọ́ wá sí dókítà lọ́kàn, ìyẹn àìsàn tí gluten inú àlìkámà ń dá sílẹ̀. Wọ́n á ní kó má jẹ búrẹ́dì mọ́. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń yá.

Àmọ́ àwọn kan sá fún búrẹ́dì títí, pàbó ló já sí. Àwọn dókítà Mayo Clinic ní ìlú Rochester, ìpínlẹ̀ Minnesota, kọ̀ròyìn irú wọn 22 jáde lọ́dún 2012. Àìsàn náà le débi pé ó gbé 14 nínú wọn dé ọsíbítù. Kí ló wá pa wọ́n pọ̀? Olmesartan ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí gbogbo wọn ń lò! Wọ́n dá oògùn náà dúró, ara gbogbo wọn sì yá. Bí a bá pín in dọ́gba, kìló 12 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sanra padà.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ẹni náà lè ti lo oògùn ọ̀hún fún oṣù tàbí ọdún bíi mélòó kan láìsí wàhálà. Ta ló máa fura sí ọ̀rẹ́ àtijọ́? Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ti ta wọ́n lólobó: kò bá ti celiac mu. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti béèrè oògùn tó ń lò, kó tó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́dún 2013, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, mú kí ìkìlọ̀ wọnú ìwé oògùn náà.

Tó bá ń ṣe yín báyìí, ẹ kó gbogbo páálí oògùn yín dání lọ bá dókítà. Orúkọ gàdàgbà iwájú páálí yẹn, ti ọjà ni. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà, bóyá ẹ máa rí olmesartan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra yín o. Dókítà ló máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ru sókè.